Ẹ̀kọ́: Bí Ara Ọmọ Bá Sú

Bíbélì kíkà: Máàkù 5:35–43

Ẹ̀yin arábìnrin nínú Olúwa, nígbà tí Jésù jí ọmọbìnrin Jáírù dìde, ó ní kí wọ́n fún un ní oúnjẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èéyi, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní measles.

Ní ọdún 1956, Dókítà David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Ó rí i pé èéyi ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ, pàápàá àwọn tí kò jẹun kánú. Ó sì dá kílíníìkì ọmọdé sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé.

Níhìn-ín ní Navy Town, ìyá kan fi èéyi ọmọ rẹ̀ pamọ́, nítorí wọ́n ní a kì í dárúkọ ilẹ̀ gbígbóná. Kí ó tó sọ, ọmọ méjì mìíràn ní ẹ̀yìnkùlé wọn ti kó o. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bẹ̀rù orúkọ. Ìgbóná tí àwọn baba wa ń sá fún ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ọdún 1980; abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó lé e lọ.

Ibà, ikọ́, ọ̀fìnkìn àti ojú pípọ́n ni èéyi fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ara yóò sú láti ojú wá sísàlẹ̀. Ti chickenpox jẹ́ ròrò olómi tí ń yún ni.

Ìtọ́jú rẹ̀ nìyí:

1. Ẹ má fi omi, ọmú tàbí oúnjẹ dù ú.
2. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́. Ẹ gé èékánná rẹ̀; ẹ fi kálámáìn pa ibi tí ń yún un.
3. Parasítámọ́ọ̀ ni kí ẹ lò fún ibà, ní ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì bá sọ. Ẹ má fún un ní aspirin.
4. Ẹ má ro àgbo tàbí omi ewé sí i lójú. Ojú lè fọ́.
5. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìlera fún fítámì A, tí a ń fún ọmọ eléèyi ní ọjọ́ méjì tẹ̀lé ara wọn.

Bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí gìrì mú un, tàbí tí kò lè mu omi, ẹ má dúró di òwúrọ̀.

Oṣù 9 àti oṣù 15 ni a ń gba abẹ́rẹ́ èéyi. Ẹ wo káàdì ọmọ yín lálẹ́ òní.

Ìbéèrè: Ọmọ ta ni ní àdúgbò wa tí kò tíì gba ti ẹ̀ẹ̀kejì? Ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ lọ?