Inú Gbọ̀ngàn Yín Ni Kí Ẹ Ti Wọ̀n Ọ́n

ÌBÉÈRÈ: Mo ní ibùdó kan ní Òṣogbo tí àwọn ọmọ ti ń fi kọ̀ǹpútà múra sílẹ̀ de ìdánwò JAMB. Kọ̀ǹpútà 60 ló wà ní gbọ̀ngàn. Wáyà la fi so gbogbo wọn mọ́ server kan tó wà ní igun gbọ̀ngàn náà, orí rẹ̀ ni ìbéèrè ìdánwò wà. Bí ọmọ mẹ́wàá bá wọlé, kò sí wàhálà. Bí gbogbo wọn bá jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ojú kọ̀ǹpútà á dúró gbagidi, àwọn mìíràn á sì já bọ́. Mo fi fóònù mi wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì wa, 38 Mbps ló gbé jáde. Àwọn tó ń tà á fún wa ní kí n lọ ra ti 100 Mbps. Owó rẹ̀ kò kéré. Ṣé kí n rà á? (Alábòójútó ibùdó ìdánwò, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì rà á.

Ẹ wo ọ̀nà tí ìbéèrè ìdánwò ń gbà dé ojú ọmọ. Ó kúrò lórí server, ó gba wáyà dé switch (àpótí tó so gbogbo wáyà pọ̀), ó tún gba wáyà mìíràn dé kọ̀ǹpútà. Inú gbọ̀ngàn yín ni gbogbo ìrìn yìí bẹ̀rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ló parí sí. Ọ̀nà tí ẹ fi fóònù wọ̀n yàtọ̀ pátápátá: láti orí fóònù, ó gba Wi-Fi bọ́ sí ìta, ó dé orí ẹ̀rọ kan tí ilé-iṣẹ́ aṣèdánwò ìyára gbé kalẹ̀ sí ìlú mìíràn. 38 yẹn lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé kó má sì kan ọ̀rọ̀ yín rárá. Bí ẹ bá lọ náwó lé e lórí, ẹ ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Irinṣẹ́ méjì ni ẹ nílò, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Èkíní ni ping, tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà yín tẹ́lẹ̀. Mike Muuss ló kọ ọ́ ní December 1983, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Maryland, tí nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ ń ṣe ségesège. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ kejì bóyá ó wà níbẹ̀, kó sì ka àkókò tí ìdáhùn fi padà dé. Èkejì ni iperf3, tí ESnet ń tọ́jú, ìyẹn nẹ́tíwọ̀kì tó so àwọn ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà pọ̀. Ní tirẹ̀, kọ̀ǹpútà kan á máa rọ́ dátà tí kò ní ìtumọ̀ kankan sí èkejì títí agbára wáyà á fi tán, wọn á sì ka iye tó kọjá. Kò kan díìsìkì, kò kan software ìdánwò. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn: bó bá ní ọ̀nà dára, ẹ lè lọ wá ẹlẹ́bi síbòmíràn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Nígbà tí kò bá sí ọmọ kankan ní gbọ̀ngàn, ẹ lọ sórí server, ẹ tẹ iperf3 -s. Ẹ wá lọ jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà kan, ẹ tẹ iperf3 -c 192.168.1.10 -R, kí ẹ fi àdírẹ́sì server tiyín rọ́pò nọ́ńbà yẹn. Ẹ má ṣe fo -R o. Bí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ọmọ ni yóò máa fi dátà ránṣẹ́ sí server, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń dùn yín ni bí dátà ṣe ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ server. Nẹ́tíwọ̀kì lè dára ní àlọ kó bàjẹ́ ní àbọ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló ń wọn àlọ nìkan, tí wọ́n á gba owó iṣẹ́ wọn, tí wọ́n á sì máa lọ.

Ìṣẹ́jú àáyá 10 ni ìdánwò náà máa gbà, ìlà kan fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn, èyí tó ní receiver ní ìparí, kí ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ Bitrate.

Bí ẹ bá rí nǹkan bí 940 Mbits/sec, wáyà gigabit (1000 Mbps) tó péye ni. Ẹ má wá 1000. Ìdì dátà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní packet, ní àdírẹ́sì àti àmì tó ń gbé rìn: nínú báìtì 1,538 tó ń gba àyè lórí wáyà, dátà gan-an kì í ju 1,460 lọ.

Bí ẹ bá rí 94, ẹ dákẹ́ ná, torí èyí ni mo fura sí jù nínú ọ̀rọ̀ yín. 94 túmọ̀ sí pé ibì kan wà lójú ọ̀nà tó ti já sílẹ̀ sí 100 Mbps. Gigabit ń lo fọ́nrán mẹ́jọ tó wà nínú wáyà. 100 Mbps kò lò ju mẹ́rin lọ. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin tó kù bá gé, tàbí tí ẹni tó tẹ orí wáyà (RJ45) kò tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, ẹ̀rọ méjèèjì á jọ fẹnu kò sí 100 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Iná switch á ṣì máa ṣẹ́jú, ping á máa lọ, gbogbo nǹkan á dà bíi pé ó pé. Ẹ lè fi ojú rí i lórí Windows: ẹ ṣí Status káàdì nẹ́tíwọ̀kì, ẹ wo Speed. 1.0 Gbps ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá bá 100.0 Mbps, ọwọ́ ti tẹ olè.

Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò yìí. Ká ní ojú ìwé àkọ́kọ́ tó ń ṣí fún ọmọ kan, pẹ̀lú àwòrán inú rẹ̀, jẹ́ mẹ́gábáìtì 3. Ọmọ mẹ́wàá á gba 30. Àwọn oní-nẹ́tíwọ̀kì kì í ka báìtì, bíìtì ni wọ́n ń kà, mẹ́jọ sì ni báìtì kan. Mẹ́gábíìtì 240 nìyẹn. Lórí wáyà tó ń gbé 94, ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ ló máa gbà. Ta ló máa kíyè sí i? Ọmọ 60 á gba mẹ́gábíìtì 1,440: ó ti di ìṣẹ́jú àáyá 15 nìyẹn, àwọn ọmọ á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnì léraléra, èyí tó ń fi ẹrù kún ẹrù. Lórí wáyà tó ń gbé 940, gbogbo rẹ̀ á parí ní ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀. Ẹ wo lẹ́tà yín: ọmọ mẹ́wàá kò sí wàhálà, ọgọ́ta gbagidi. Wáyà tó ti inú server jáde, tàbí èyí tó so switch kan mọ́ òmíràn, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọmọ ti ń pàdé.

Bí nọ́ńbà bá ń fò, 610, lẹ́yìn náà 212, lẹ́yìn náà 0, lẹ́yìn náà 480, packet ń sọnù lójú ọ̀nà. Bí server yín bá ń lo Linux, ẹ máa rí òpó kan tí wọ́n pè ní Retr: iye ìgbà tí ó ní láti tún fi packet ránṣẹ́ ni.

Lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan bá ti yege, ẹ dán mẹ́ta wò pa pọ̀ láti ìlà ìjókòó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Iperf3 kan kì í gba ju àlejò kan lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ ṣí mẹ́ta lórí server, kí ẹ fi -p 5201, -p 5202 àti -p 5203 yà wọ́n sọ́tọ̀. Àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ kó ṣì sún mọ́ 940. Bó bá já wálẹ̀ gidi, switch tàbí káàdì server ni. Ẹ má sì fi -u sí i bí kò bá nídìí. Ọ̀nà ìfiránṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní UDP nìyẹn, bí a kò bá sì sọ iye, 1 Mbps péré ni iperf3 máa fi ránṣẹ́. Mo ti rí ẹni tó tìtorí èyí pariwo pé nẹ́tíwọ̀kì òun ti kú.

Ọ̀rọ̀ Windows kù. Àwọn tó kọ iperf3 kò ṣe é fún Windows, àwọn mìíràn ló ń gbé e wá síbẹ̀. Ní 2024, Microsoft fúnra wọn kọ ọ́ síta pé kí àwọn ènìyàn má lò ó lórí Windows, pé kí wọ́n lo ntttcp tiwọn. Fún ọ̀ràn yín, àlàfo tó wà láàárín 94 àti 940 fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iperf3 kò ní ṣì yín lọ́nà. Àmọ́ bí Windows bá fún yín ní 700, ẹ má fọ́ ògiri torí rẹ̀. Ẹ fi ntttcp dán an wò ná.

Ẹ wá dúró de ọjọ́ tí gbọ̀ngàn kún. Kí àwọn ọmọ tó wọlé, ẹ ṣí cmd lórí kọ̀ǹpútà kan, ẹ tẹ ping -t àti àdírẹ́sì server. time<1ms lẹ máa máa rí. Ẹ ní kí gbogbo wọn wọlé, kí ẹ má gbé ojú kúrò níbẹ̀. Bó bá gòkè sí 200, sí 400, tó wá ń kọ Request timed out, dátà ti tò sórí wáyà tàbí sínú switch, kò rí ọ̀nà kọjá. Bí time<1ms bá dúró bẹ́ẹ̀ nígbà tí ojú àwọn ọmọ ṣì dì, ẹ̀bi wáyà kọ́: server ló ń mí gúlegúle, bóyá RAM kò tó, bóyá díìsìkì ń falẹ̀.

Ní ti 100 Mbps yẹn, ó lè wúlò lọ́jọ́ mìíràn. Kódà nígbà náà, kò ní sọ ọ̀nà jíjìn di tòsí. Wáyà MainOne tó gba inú òkun láti Èkó dé Portugal gùn tó 7,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ń sá nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ kò lè dín ní milisẹ́kọ́ńdì 70, iye yòówù kí ẹ san.

Nítorí náà, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Ẹ ra èyí tó jẹ́ kọ́pà látòkèdélẹ̀, kì í ṣe alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò, tó kún ọjà. Bí ẹ bá rí 10/100 nìkan lára switch yín, kò lè ju 100 lọ láéláé, ẹ pààrọ̀ òun náà. Ẹ kọ èsì kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn àtúnṣe. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti di 940, tí ping kò gòkè, tí ojú àwọn ọmọ ṣì ń dì, ẹ kọ̀wé sí mi padà. Ẹ sọ iye RAM tó wà nínú server náà àti irú díìsìkì tó ń lò.