Ta Ló Yí Ètò Ìrìnàjò Yín Padà?

Ẹ̀yin oníléèsì tí ẹ wà ní kíláàsì yìí mọ ọ̀nà ìlú Lustenau ní Austria ju olùkọ́ yín lọ. Ẹ mọ bí a ṣe ń wá físà, ẹ mọ àwọn tí ẹ ń bá ra léèsì níbẹ̀, ẹ sì mọ irú kóòtù tí a ń wọ̀ débẹ̀ ní Jánúárì. A kò ní ka ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni a ó kà lónìí, nítorí pé àwọn kíláàsì tó ṣáájú yín kà á, wọ́n sì ṣì í lóye.

Ohun náà nìyí: bí ètò ìrìnàjò bá yí padà lójijì, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé, ta ló yí i padà?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tó lè fà á. Nílé níbí, ẹ mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe fún bàálù. Eruku á bo ojú ọ̀run, bàálù kò ní lè gbéra. Ní Yúróòpù, yìnyín ló ń ṣe é. Ní ọjọ́ 2 oṣù Dìsẹ́ńbà 2023, yìnyín pọ̀ ní Munich ní ilẹ̀ Jámánì débi pé wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú irin náà sì dúró. Ní ọjọ́ 17 oṣù Jánúárì 2024, òjò tó ń dì bí ó ṣe ń kan ilẹ̀ rọ̀ ní Frankfurt, ọgọ́rọ̀ọ̀rún bàálù ni kò lè lọ.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni awakọ̀ bàálù tó kọ̀ láti gbéra. Bí yìnyín bá lẹ̀ mọ́ apá bàálù, apá náà kò ní lè gbé e dúró nínú afẹ́fẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Jánúárì 1982, bàálù kan gbéra ní Washington ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú yìnyín lára. Ó kọlu afárá, ó sì já sínú odò Potomac. Ènìyàn 78 ló kú, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ àwọn tó ń wa mọ́tò tiwọn kọjá lórí afárá náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe bú ọmọbìnrin tó jókòó ní káńtà. Òun kọ́ ló rọ̀jò yìnyín. Àgbàlagbà tó ń pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní pápákọ̀ òfuurufú ń dójú ti gbogbo wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á wo ìyá oníléèsì kan àti àǹtí oníléèsì kan. Àwọn méjèèjì ra tíkẹ́ẹ̀tì kan náà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù Yúróòpù kan: Èkó sí Frankfurt, Frankfurt sí Munich, àlọ àti àbọ̀. Láti Munich ni wọ́n ti fẹ́ lọ Lustenau. Wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé owó kò ní padà. Nígbà tí wọ́n dé Frankfurt, yìnyín bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ pé bàálù kò ní lọ mọ́.

Ẹ̀rù ba àǹtí. Ó mú fóònù rẹ̀, ó fagi lé ìrìnàjò náà fúnra rẹ̀, ó sì lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin. Ta ló yí ètò padà? Àǹtí ni. Owó rẹ̀ kò padà. Àbọ̀ rẹ̀ sí Èkó pàápàá ti bá a lọ, nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni. Ẹni tó bá tilẹ̀ rọra kúrò láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù máa ń ti ìyókù tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pa.

Ìyá jókòó. Lẹ́yìn wákàtí kan, ilé-iṣẹ́ bàálù fagi lé ìrìnàjò náà. Ta ló yí ètò padà? Ilé-iṣẹ́ bàálù ni. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ bàálù ló jẹ ìyá ní gbèsè. Ìyá lè gba owó ibi tí kò dé, tàbí kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn gbé e débẹ̀. Ìyá ló máa yàn, kì í ṣe wọn. Bí ó bá yàn pé òun ṣì ń lọ, wọ́n á fún un ní oúnjẹ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á fún un ní hòtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ tó máa gbé e débẹ̀.

“Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ pé owó kò ní padà!” Kíláàsì tó kọjá ń pariwo èyí títí tí a fi ṣíwọ́. Ẹ kà á pẹ̀lú mi: owó kò ní padà bí ẹ̀yin bá yí ètò padà. Ẹ tún un kà. Bí ẹ̀yin bá yí ètò padà. Bí àwọn bá yí i padà, ọ̀rọ̀ yẹn kò de yín.

“Ṣé kì í ṣe yìnyín ló yí i padà ni?” Rárá. Yìnyín ló fà á, ilé-iṣẹ́ bàálù ló fagi lé e. Nǹkan kan ṣoṣo ni yìnyín gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀: owó gbà-má-bínú, tó lè tó 600 yúrò fún ọ̀nà tó jìn bí tiwa. Ẹ má bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ, ibùsùn àti ọ̀nà mìíràn, yìnyín kò gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin 261 ti ọdún 2004 ní Yúróòpù ló sọ bẹ́ẹ̀, Bìrìtìkó náà sì ní irú rẹ̀. Ní 2010, òkè oníná ní Iceland tú eérú sójú ọ̀run, bàálù kò sì lè fò fún ọjọ́ púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan kọ̀ láti bọ́ èrò rẹ̀. Ní 2013, ilé-ẹjọ́ gíga Yúróòpù dájọ́ pé dandan ni kó bọ́ wọn, iye ọjọ́ yòówù kó jẹ́.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan: bí ẹ bá gba owó yín padà, ọwọ́ wọn ti kúrò lọ́rọ̀ yín. Kò sí oúnjẹ mọ́, kò sí ibùsùn mọ́. Ẹni tó ṣì fẹ́ dé Lustenau kò gbọdọ̀ gba owó.

Bí kò bá sí ẹni tó fún yín ní oúnjẹ, ẹ rà á, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì. Oúnjẹ tí ẹ jẹ nìkan ni kí ẹ béèrè owó rẹ̀. Olè ni rìsíìtì ayédèrú, ó sì ń ba orúkọ Nàìjíríà jẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí físà yín bá fẹ́ parí níbi tí ẹ há sí, ẹ lọ sọ fún àwọn aláṣẹ ìlú náà kó tó parí, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ sì pe oníbàárà tó ń retí aṣọ ẹbí lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sọ fún un pé ẹrù ti wà lọ́nà.

Ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì tòótọ́ kan wá sí kíláàsì tó ń bọ̀. Ẹ wá lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n fi ń dá ìrìnàjò yín mọ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ sínú ìwé.