Dósà, Àkàrà Ìrẹsì àti Ẹ̀wà ti Ilẹ̀ Íńdíà

Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Íńdíà, pàápàá ní agbègbè Punjab, àlìkámà ni oúnjẹ àwọn ènìyàn lójoojúmọ́. Oúnjẹ rere ni fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó ń ba ìfun wọn jẹ́. Inú wọn a máa wú, ìgbẹ́ gbuuru a máa yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ wọn a dínkù, àwọn tí ó jẹ́ ọmọdé nínú wọn kì í sì í dàgbà bí ó ti yẹ. Àrùn celiac ni orúkọ rẹ̀. Gluten, ohun tí ń mú kí ìyẹ̀fun àlìkámà fà nígbà tí wọ́n bá pò ó, ni ara wọn kò gbà. Ó wà nínú ọkà báálì àti ráì pẹ̀lú.

Dókítà Willem Dicke, oníṣègùn àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Hólándì, ti ń fura sí àlìkámà kí ogun tó dé. Nígbà tí ìyàn mú ní ìgbà òtútù 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì wọ́n, ó rí i pé ara àwọn ọmọ tí àrùn náà ń dà láàmú ń le sí i. Búrẹ́dì tún dé, àìsàn náà sì padà. Ní 1950 ni ó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Títí di òní, yíyẹra fún àwọn ọkà wọ̀nyí ní gbogbo ọjọ́ ayé ni ìtọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá fún búrẹ́dì nítorí àhesọ. Kí ó kọ́kọ́ tọ dókítà lọ, nítorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè kùnà bí olúwarẹ̀ bá ti pa àlìkámà tì fún ìgbà pípẹ́.

Ní gúsù Íńdíà, bí ní Tamil Nadu àti Karnataka, ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ jù, oúnjẹ tí ó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà àtijọ́. Dósà ni: àkàrà pẹlẹbẹ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n fi ìrẹsì àti ẹ̀wà urad ṣe, láìsí ẹran, ẹja tàbí ẹyin. Urad jẹ́ ìbátan ẹ̀wà tí àwọn alákàrà ilẹ̀ Yorùbá ń lò. Èèpo rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ funfun. Èyí tí ìrẹsì kò ní tó nínú ohun tí ń mú ara dàgbà, ẹ̀wà a pèsè rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tí ó ṣáájú ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyálé ilé a rẹ ife ìrẹsì 3 sínú omi lọ́tọ̀, a sì rẹ ife 1 urad bíbó pẹ̀lú àbọ̀ ṣíbí kékeré èso methi lọ́tọ̀, fún wákàtí 4 sí 6. Yóò lọ urad náà, yóò máa wọ́n omi tútù sí i díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi fúyẹ́ bí ìfófó ọṣẹ. Kí ó má ṣe kánjú níhìn-ín, nítorí yíyọ̀ urad ni ó ń di afẹ́fẹ́ mú ní ipò gluten. Ìrẹsì kò ní láti kúnná tó bẹ́ẹ̀. Yóò fi ọwọ́ po méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú iyọ̀ nínú ìkòkò tí kò ní kún ju ìdajì lọ, nítorí yóò wú. Kò sí ìwúkàrà tí ẹnikẹ́ni fi sí i. Ó ń kan fúnra rẹ̀ bí ògì ti ń kan, ní wákàtí 8 sí 12, tàbí jù bẹ́ẹ̀ bí òtútù bá mú.

Ní òwúrọ̀, yóò fi omi là á díẹ̀, yóò gbé irin pẹlẹbẹ kaná, yóò sì fi ààbọ̀ àlùbọ́sà tí ó ti bọ inú òróró nù ún. Yóò da ìgbakọ kan sí àárín, yóò sì fi ìdí ìgbakọ náà tẹ́ ẹ yíká lọ sí etí. Bí irin bá gbóná jù, ìyẹ̀fun náà yóò lẹ̀ mọ́ ìgbakọ. Kí ó wọ́n omi sí irin náà. Ti àkọ́kọ́ sábà máa ń bàjẹ́, ìyẹn kò ní nǹkan ṣe. Ṣíbí kékeré òróró kan tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí etí rẹ̀ bá ṣí, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n, ó jinná. Àgbọn tí wọ́n lọ pẹ̀lú ata tútù àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Ìdílé tí alárùn celiac wà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi. Ẹ̀rọ tí ó lọ àlìkámà láàárọ̀ kò gbọdọ̀ lọ ìrẹsì rẹ̀ lọ́sàn-án. Lúbúlúbú hing, oje gbòǹgbò olóòórùn líle tí àwọn ará Íńdíà ń bù sí ọbẹ̀, ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n sábà ń pò mọ́ ọn kí ó tó dé ọjà. Èyí tí wọ́n ń pè ní rava dósà pàápàá, àlìkámà wà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Fún ẹni tí ìrẹsì púpọ̀ kò yẹ, bí alárùn ìtọ̀ ṣúgà, pesarattu ti Andhra Pradesh sàn jù. Ẹ̀wà kékeré aláwọ̀ ewé tí ń jẹ́ moong ni. Wọ́n a rẹ ẹ́, wọ́n a lọ ọ́ pẹ̀lú atalẹ̀ àti ata tútù, wọ́n a sì dín in lọ́gán láìdúró kí ó kan.