Gílóòbù Tó Ń Pòórá

Ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Ẹnu wa dùn láti pa òwe yìí nígbà tá a bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Àmọ́ ẹkùn kan wà tí kì í bú. Ìyẹ̀wù ilé ló ń gbé, orúkọ rẹ̀ sì ni “ẹ má jẹ́ kí ará ìta gbọ́.”

Ní Nkpor, lẹ́bàá Onitsha, níbi tí àwa tá a ń ta páàtì mọ́tò ti máa ń lọ ra ọjà, mo dé ilé oníbàárà mi kan. Gílóòbù pálọ̀ ti pòórá. Màmá rẹ̀ mú tuntun jáde látinú báàgì, ó gun àga, ó fi sí i. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹni tó yọ ti àná. Mo béèrè àbúrò oníbàárà mi, wọ́n ní ó lọ sí Asaba. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti yàrá ẹ̀yìn.

Ẹni tó bá mọ egbòogi olóró tí wọ́n ń pè ní mkpụrụ mmiri á ti mọ ibi tí gílóòbù ń lọ: inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sun ún, tí wọ́n ń fa èéfín rẹ̀. Kẹ́míkà ni, kì í ṣe ewé. Ó rí bíi yìnyín, ìyẹn ló sì fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lédè Ìgbò. Ẹni tó ń fà á lè má fojú ba oorun fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kó wá máa rò pé wọ́n ń lépa òun. Kò jìnnà sí Nkpor rárá: ní oṣù kẹta ọdún 2016, ní Asaba tó wà lódìkejì odò Ọya, NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti egbòogi olóró, ká ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì mú ará Mẹ́síkò mẹ́rin.

Ohun tí ilé bá bò, ojú ọjà ló ń tú sí. Nígbà tí ọdún 2021 ń parí lọ, àwọn ìlú Ìgbò kan ń so àwọn tó ń lo nǹkan yìí mọ́ òpó, wọ́n ń nà wọ́n lẹ́gba, wọ́n ń ya fídíò. NDLEA ní ìyẹn kọ́ ni ìtọ́jú. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó lè dé ìdí òpó yẹn kó má jẹ́ pé ẹnì kan nílé ti mọ̀ tipẹ́.

Kí ọmọ Yorùbá má sì rẹ́rìn-ín o. Ìwádìí tí UNODC, àjọ àgbáyé lórí egbòogi olóró, ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé ilẹ̀ wa ni lílo egbòogi olóró ti pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà: nínú 100 èèyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, bíi 22 ló lo egbòogi olóró láàárín ọdún kan. Tramadol, kodéìnì àti igbó ni tiwa.

Tí ọmọ kan nílé bá ń lò ó, ká má pe ìpàdé ẹbí. Ẹni tí ọmọ náà kò tíì purọ́ fún ni kó bá a sọ̀rọ̀, láàárọ̀ tí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀. Ohun téèyàn rí ni kó sọ, kó má bu èébú: “Gílóòbù márùn-ún ti lọ lóṣù yìí. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò ní purọ́ nítorí rẹ mọ́.” Ká má bá a san gbèsè mọ́, àmọ́ ká má fi oúnjẹ dù ú. Ẹni tí tramadol tàbí ọtí ti mọ́ lára, a kì í ṣàdédé tì í mọ́lé pé kó jáwọ́. Gìrì lè gbé e. Dókítà ló mọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù. Ọsibítù àrùn ọpọlọ ti Arò wà l'Abẹ́òkúta láti ọdún 1954, ti Yaba wà l'Ékòó, ọ̀kan wà ní Enugu. Nọ́ńbà NDLEA, 080010203040, ọ̀fẹ́ ni.

Nígbà tí mo padà lọ sí Nkpor, mo tún béèrè àbúrò náà. Màmá wò mí, ó ní, “Enugu ló wà. Ọsibítù.” Ó ní òun kò ra gílóòbù kẹfà, inú òkùnkùn ni gbogbo wọn jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ náà, títí ẹnì kan fi sọ̀rọ̀.