ÌMỌ̀ TÍ Ó Ń BÁ ÒṢÌṢẸ́ LỌ SÍ ILÉ

Ẹ̀kọ́ fún àwọn olùkọ́ àti àwọn alábòójútó ẹgbẹ́

Ní oṣù yìí àwa fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ kan yẹ̀ wò tí ó kan gbogbo ẹni tí a fi ṣe olórí ẹgbẹ́, tàbí ilé-ẹ̀kọ́, tàbí ilé-iṣẹ́, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Nígbà tí akọ̀wé àgbà kan bá fẹ̀yìn tì, a ó ka owó tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀, a ó gba kọ́kọ́rọ́, a ó ka àga àti tábìlì, a ó sì ní kí ó fi ọwọ́ sí ìwé. A ó tilẹ̀ ṣe àsè fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti mọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún wá, ta ni ó gbà á ní ọwọ́ rẹ̀? Ta ni ó mọ ìdí tí a fi pa ìwé kan mọ́ sínú àpótí kejì tí a kò fi í sínú ti èkíní? Ta ni ó mọ ẹni tí a ń tọ̀ lọ nígbà tí ọ̀ràn ààlà ilẹ̀ bá dé? Kí oṣù náà tó parí, àwọn tí ó kù ní ẹnu iṣẹ́ yóò ti máa bèèrè ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní àbójútó ìmọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ni ó ti di ẹ̀kọ́ pàtàkì láàrin àwọn olórí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní òkè-òkun. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èrò ọ̀pọ̀ nínú wọn rọrùn. Wọ́n ka ìmọ̀ sí bí àgbàdo, pé bí a bá ti kórè rẹ̀ tán, kí a rọ ọ́ sínú àká, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ni yóò wá bù ú. Àká náà ni ìwé ìlànà, àti lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà. Àká kún, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wá bu àgbàdo kò tó nǹkan, nítorí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kì í sábà ṣe èyí tí ebi rẹ̀ ń pa wọ́n. Ìjákulẹ̀ yìí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dẹ etí sí èrò mìíràn, èyí tí àwọn kan ti ń sọ kí ó tó di ìgbà náà.

Gbòǹgbò èrò náà wà ní ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí a ń pè ní Michael Polanyi. Ìlú Budapest ní ilẹ̀ Hungary ni a gbé bí i ní ọdún 1891. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó di àgbà nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, ó sì ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1966, ó fi hàn pé ohun tí ènìyàn mọ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹnu rẹ̀ lè sọ lọ. Kí olùkà kí ó dán an wò. Olúkúlùkù wa mọ ojú ìyá rẹ̀ láàrin ẹgbẹ̀rún obìnrin ní ọjà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àjèjì, pé kí ó lọ pè é wá, obìnrin mẹ́wàá ni àjèjì náà yóò pè wá. Ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ kò lè sọ bí òun ti ń ṣe é tí òun kò fi ṣubú. Ìyá aláró a wo inú ìkòkò aró, a gbóòórùn rẹ̀, a ní, "Ó kù díẹ̀." Kí ni ó kù? Ọmọ tí ó bá ti jókòó tì í fún ọdún mélòó kan ni yóò mọ̀.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ará Japan, Ikujiro Nonaka àti Hirotaka Takeuchi, ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ilé-iṣẹ́, nínú ìwé kan tí wọ́n kọ ní ọdún 1995. Àpẹẹrẹ kan tí wọ́n lò dùn mọ́ wa púpọ̀. Ní ọdún 1985, ilé-iṣẹ́ Matsushita ní ìlú Osaka ń gbìyànjú láti ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa po ìyẹ̀fun, tí yóò sì máa yan búrẹ́dì fúnra rẹ̀ nínú ilé onílé. Wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn búrẹ́dì náà a jóná, inú rẹ̀ kò sì ní jinná. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò títí. Wọ́n tilẹ̀ fi ìtànṣán tí àwọn dókítà fi ń wo egungun ya àwòrán ìyẹ̀fun tí ẹ̀rọ pò àti èyí tí alábúrẹ́dì fi ọwọ́ pò. Òtúbáńtẹ́ ni gbogbo rẹ̀ já sí. Nígbà náà ni obìnrin kan láàrin wọn dá ìmọ̀ràn pé, hótẹ́ẹ̀lì kan ń bẹ ní Osaka yìí tí búrẹ́dì rẹ̀ lókìkí, èéṣe tí a kò fi lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ olórí alábúrẹ́dì ibẹ̀? Òun tìkára rẹ̀ ni ó lọ. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà di ọmọ iṣẹ́, ó ń po ìyẹ̀fun. Ní ọjọ́ kan ó ṣàkíyèsí pé kì í ṣe pé ọ̀gá náà ń na ìyẹ̀fun nìkan, ó ń lọ́ ọ bí ó ti ń nà án. Ọwọ́ ọ̀gá ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà padà, ó fi ọ̀rọ̀ ṣókí pe ohun tí ó rí, pé kí a máa lọ́ ọ kí a sì máa nà án. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbọ́ ọ, wọ́n sì ṣe ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí egungun ìhà sí inú ẹ̀rọ, kí ìyẹ̀fun lè máa lọ́. Ní ọdún 1987 ẹ̀rọ náà dé ọjà.

Kí olùkọ́ kí ó kíyè sí ọ̀nà tí ìmọ̀ náà gbà. Ó ti ọwọ́ dé ọwọ́ ná, kí ó tó ti ọwọ́ bọ́ sí ẹnu, kí ó tó ti ẹnu bọ́ sí ìwé. Àwọn tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ni ó ti kọ́kọ́ kùnà.

Àpẹẹrẹ kejì wá láti Amẹ́ríkà, ní ilé-iṣẹ́ Xerox tí ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Ọ̀mọ̀wé kan, Julian Orr, ẹni tí ó kọ́ nípa àṣà ènìyàn, bá àwọn atúnṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí rìn, ó sì kọ ìwé nípa wọn ní ọdún 1996. Ilé-iṣẹ́ ti fún wọn ní ìwé ìlànà: bí o bá rí èyí, ṣe báyìí. Níwọ̀n ìgbà tí àìsàn ẹ̀rọ náà bá jẹ́ èyí tí ẹni tí ó kọ ìwé ti rò tẹ́lẹ̀, ìwé náà tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a máa ní àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò rò. Kí ni wọ́n ń ṣe nígbà náà? Ìtàn ni wọ́n ń pa. Nídìí oúnjẹ òwúrọ̀ tàbí ti ọ̀sán, ọ̀kan a ní, "Ẹ̀rọ kan báyìí dà mí láàmú ní àná," èkejì a ní, "Èmi náà ti rí irú rẹ̀, ibi báyìí ni ó ti bàjẹ́." Alábòójútó tí ó bá kọjá níbẹ̀ yóò rò pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Orr rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà. Àwa gbà pẹ̀lú rẹ̀ tọkàntọkàn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń tú àwọn olùkọ́ ká nídìí igi ní àkókò ìsinmi, tí kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni olùkọ́ titun ti ń gbọ́ bí a ti ń ṣe sí ọmọ tí kò lè ka ìwé.

Lẹ́yìn èyí Xerox dá ètò kan sílẹ̀ tí a pè ní Eureka, tí ó kọ́kọ́ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Atúnṣe tí ó bá rí ọgbọ́n titun yóò kọ ọ́ sínú rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó dáńtọ́ yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òtítọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, gbogbo wọn ni yóò rí i, orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ yóò sì wà lára rẹ̀. Ẹ wò ó, kọ̀ǹpútà náà ni a tún lò, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni a fi sínú rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ onídàájọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lójú lọ. Èéṣe tí ènìyàn fi ń fi ìmọ̀ pamọ́? Ọ̀pọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ wa a máa fi ohun kan pamọ́ fún ọmọ iṣẹ́ títí di ọjọ́ tí yóò gba òmìnira, ìgbà mìíràn títí di ọjọ́ ikú. Àwa kò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá, nítorí ìmọ̀ náà ni oúnjẹ wọn. Ẹni tí ó bá kọ́ ẹlòmíràn ní gbogbo rẹ̀ ń bẹ̀rù pé kí a má lọ fi ẹni náà rọ́pò òun. Àṣẹ kò lè wo ẹ̀rù yìí sàn. Bí ọ̀gá bá pàṣẹ pé kí olúkúlùkù kọ gbogbo ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀, wọn yóò kọ ọ́, wọn yóò sì fi ẹyọ kan tí ó ṣe kókó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń pe orúkọ ẹni ní ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ dé, tí ìmọ̀ tí ó fi fúnni sì ń fi kún ọ̀wọ̀ rẹ̀, kò ní ìdí láti sé e mọ́.

Ewu ń bẹ nínú jíjáfara. Ní ọdún 2009, ọ́fíìsì tí ń ṣe ìwádìí owó fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ròyìn nípa ohun èlò kan tí a ń pè ní Fogbank, èyí tí ó wà nínú irú ohun ìjà átọ́míìkì kan. Ìjọba fẹ́ tún un ṣe, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ bí a ti ń ṣe é kò tó, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti fẹ̀yìn tì tàbí kí wọ́n ti lọ tán. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là àti ọdún púpọ̀ ni ó gbà wọ́n. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jùlọ ni pé, ìdọ̀tí kan ń bẹ nínú èròjà àtijọ́ tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń mú kí iṣẹ́ náà yọrí. Èròjà titun mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, nítorí náà kò ṣiṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ pàápàá kò sì mọ̀ nípa ìdọ̀tí yìí. Ìdí nìyí tí àwa fi ń sọ pé, kí á fi ọ̀dọ́ ti àgbà ní ẹnu iṣẹ́ ní ọdún kan, ó kéré tán oṣù mẹ́fà, kí àgbà tó lọ, kí wọ́n jọ máa ṣe é. Ìwé ìfiṣẹ́lélẹ̀ tí a kọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn kò lè ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa ń kẹ́gàn ìwé kíkọ. Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin ni a fi ìtàn sí lọ́wọ́, baba ń kọ́ ọmọ, ètò àbójútó ìmọ̀ tí ó dára sì ni. Àlùfáà Samuel Johnson gbọ́ láti ẹnu wọn àti láti ẹnu àwọn àgbà mìíràn, ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti tẹ̀, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901, ìwé náà kò sì jáde. Ṣùgbọ́n àwọn àkọsílẹ̀ ṣókí àti ìwé àkọ́kọ́kọ rẹ̀ kù sí ilé, arákùnrin rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ẹni tí ó mọ ọkàn rẹ̀ sí iṣẹ́ náà, sì jókòó tì wọ́n ó tún un kọ. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀, arákùnrin kò ní ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́. Bí kò bá sì sí arákùnrin, ta ni ìbá ka àwọn ìwé jágajàga wọ̀nnì? Ní ọdún 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó gbé ìwé kejì yìí bọ́ sí ọwọ́ ọkọ̀ ogun Jámánì lójú òkun, a sì darí rẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ọdún méjì kọjá kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé. Obadiah kú ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921 ni ìwé náà jáde.