Àkànní, Ojú Méjì Ni Ọlọ́run Fún Ọ

Àkànní, wá jókòó. Kí ni mo gbọ́ pé o wà lọ́jà Ìkìrun láti òwúrọ̀, tí ò ń fi rúlà wọn ilẹ̀ káàkiri, títí àwọn olóbì fi palẹ̀ mọ́ kó o tó ya fọ́tò kan ṣoṣo? Ta ló rán ọ níṣẹ́ ìyà yẹn? Ṣé ìdánwò ni wọ́n ní kó o wá ṣe ni?

Fọ́tò olójú méjì tó o fẹ́ràn yìí, tí à ń ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì kó lè rí bí ohun gidi lójú, kò le, ọmọ mi. Ojú ọ̀tún rẹ àti tòsì fi bíi sẹ̀ǹtímítà 6.5 jìnnà síra. Ohun tí èyí rí yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tí ìyẹn rí, ọpọlọ ló ń pa á pọ̀ tó o fi ń mọ èyí tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn. Charles Wheatstone, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1838, ọdún kan kí Daguerre tó gbé iṣẹ́ fọ́tò jáde fáyé rí. Àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà lásán ló fi ṣe é. Ìwọ tó ní fóònù, kí ló wá ń dà ọ́ láàmú?

Dúró, kó o la ẹsẹ̀ díẹ̀. Fi ara lé ẹsẹ̀ òsì, kó o yà á. Fi ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, kó o tún un yà. Ó parí! Má gbé fóònù sókè, má gbé e sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ nìkan ni kó sún sí. Bí ohun tí ò ń yà bá sún mọ́ ọ, bí igbá obì níwájú ìyá ọlọ́jà, sún díẹ̀ báyìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú á máa ro ẹni tó bá wò ó. Bó bá jẹ́ àwọn òkè Ìkìrun lọ́ọ̀ọ́kán, tí kò sí nǹkan kan nítòsí, rin ìṣísẹ̀ méjì mẹ́ta kó o tó ya èkejì. Ara rẹ á mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń mira ni kó o ṣọ́ra fún. Omi odò Ọ̀tìn kò ní dúró dè ọ́. Lọ́jọ́ egúngún ní Òkukù, ya ẹyọ kan péré, kó o gbájú mọ́ ìlù. Àmọ́ ní Ìníṣà, wá ilé àtijọ́ tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí òpó wà níwájú, kí ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn. Tàbí kó o lọ síbi ojú irin ní Òkukù. Ẹ̀gbẹ́ ni mo wí o, mi ò ní kó o dúró sáàárín irin!

Tó o bá délé, to méjèèjì síra wọn, tòsì sósì, tọ̀tún sọ́tùn-ún. Kí àárín èkínní má jìnnà sí àárín èkejì ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Wá wò wọ́n bí ẹni pé ọ̀nà jíjìn lò ń wò lẹ́yìn wọn. Wọ́n á di mẹ́ta, ti àárín á sì yọ síta bí ohun gidi. Bí kò bá wá lónìí, má ranjú mọ́ ọn. Lọ mu omi, ó ń bọ̀.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ti òyìnbó nìkan ni fọ́tò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, bá àwọn ayàfọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún nídìí iṣẹ́ wọn, ó sì kọ ohun tó rí sínú African Arts ní 1978. Nígbà náà, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, ọmọ tó kù á wọ aṣọ ọkùnrin yà, á tún wọ ti obìnrin yà. Mi ò tíì gbọ́ nípa fọ́tò tó wọ̀ mí lára tó ìyẹn.

Nítorí náà, ní Sátidé, jáde lọ ya tìrẹ, kí àwọn olóbì tó palẹ̀ mọ́. Jẹun kó o tó lọ. Tẹ̀ wọ́n sórí pépà, kó o mú wọn wá fún mi, torí fóònù a máa sọnù.