Àṣìṣe Ìwé Títẹ̀: Ìgbà Wo Ni Kí A Tún Un Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Àgbádárìgì ni mo ti ń fi kọ̀ǹpútà bá àwọn ènìyàn tẹ lẹ́tà. Ṣé bí mo bá ti ṣì í tẹ̀ ni kí n máa tún un ṣe, tàbí kí n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ tán?

ÌDÁHÙN: Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni, ṣì ṣeé tún ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí èrò ọkàn ẹni tí ó ni lẹ́tà ṣàn dé òpin, kí ẹ tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láti kà á sókè ketekete, nítorí etí a máa gbọ́ àṣìṣe tí ojú ti fò dá.

Àmì ohùn nìkan ni mo yọ sílẹ̀: ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi í sí i, nígbà tí ohùn ẹni tí ń sọ ọ́ ṣì wà létí yín. Mo rí lẹ́tà obìnrin ẹlẹ́ja kan tí ó fẹ́ sọ pé ọkọ̀ òun rì sínú ọ̀sà. Àmì kan ṣoṣo ni akọ̀wé gbàgbé, ó di pé ọkọ rẹ̀ ni ó rì, àwọn ará ilé sì ti sunkún kí òtítọ́ tó dé.

Ìlà pupa tí ẹ̀rọ náà ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ wa, ẹ má kà á sí. Èdè Òyìnbó ni ó ń wá.

Ẹ má sì tijú àtúnṣe. Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther, tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì yín ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845, ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Síbẹ̀ ó tún un yẹ̀ wò, ó fẹ̀ ẹ́ lójú, ó sì tún un tẹ̀ jáde ní 1852.